Gáàsì Tí Wọ́n Rì Mọ́lẹ̀: Ṣé Yóò Padà Wá Pa Wá?

Ẹ dárúkọ rẹ̀ níbi tí èèyàn márùn-ún bá jókòó sí. Ẹ ní àwọn ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ń gba carbon dioxide kó tó jáde lẹ́nu ihò èéfín wọn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tì í wọ abẹ́ ilẹ̀, kí ayé má baà gbóná ju bó ṣe ń gbóná yìí lọ. Mẹ́rin á rẹ́rìn-ín. Ẹni karùn-ún á mi orí, á ní, "Yóò padà jáde ni. Ọjọ́ tó bá sì jáde, òkú á sùn."

Òótọ́ àbí irọ́?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká yára dáhùn. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ó ní ìdí. Ṣùgbọ́n àwa tí a fẹ́ràn láti máa béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ oníṣòwò, ó yẹ ká béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹ̀rù tiwa náà.

Ìdí àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fi rọrùn láti gbà ni pé gbogbo wa la ti dáná rí. Èéfín ń lọ sókè ni, kò sẹ́ni tó rí i kó máa wọlẹ̀ rí. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní èéfín ni ìwà, bó ti wù ká bò ó tó, yóò rú jáde. Ẹni tó bá wá ní òun fẹ́ sin èéfín, etí wa á ti kọ̀ ọ́ kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìdí kejì ni pé àwọn ilé iṣẹ́ epo ló pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá sì ti rí ẹrẹ̀ dúdú tí epo rọ̀bì fi sílẹ̀ létí odò ní Niger Delta, ẹ wá sọ fún un pé àwọn elépo fẹ́ tọ́jú nǹkan sábẹ́ ilẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún, ẹ ò rí i pé ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn? Ìdí kẹta wúwo ju méjèèjì lọ: gáàsì yìí ti pa èèyàn rí, kò sì jìnnà sí wa.

Lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, adágún Nyos ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Kamẹrúùnù, tí kò jìnnà sí ààlà Nàìjíríà, ṣàdédé hó, ó sì tú carbon dioxide jáde rẹpẹtẹ. Gáàsì yìí kò láwọ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà kò gòkè. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó ń gba àfonífojì kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi dé nǹkan bíi kìlómítà 25 sí adágún náà. Ọ̀pọ̀ tó ti sùn kò jí mọ́. Èèyàn tó lé ní 1,700 ló bá a lọ, àti màlúù pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn mìíràn tó lé ní 3,000. Ọdún méjì ṣáájú, ní 1984, adágún Monoun ní orílẹ̀-èdè kan náà ti pa èèyàn 37.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. N kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tó bá gbọ́ "carbon dioxide lábẹ́ ilẹ̀" tí ọkàn rẹ̀ sì sáré lọ sí Nyos. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa.

Gáàsì Nyos kò sí nínú òkúta, inú omi ló wà. Lábẹ́ adágún náà ni ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín wà, èyí tó ń tú gáàsì díẹ̀díẹ̀ sísàlẹ̀ omi tó jìn tó nǹkan bíi mítà 200. Omi òkè ń tẹ omi ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, gáàsì sì ń yòrò sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ohun tó ń rú u pọ̀. Ìgò mínírà tí wọn ò tíì ṣí ni: gáàsì wà nínú rẹ̀, ojú ò rí i, àfi bí ẹ bá mì ín tí ẹ sì já ìdérí rẹ̀. Ohun kan mi Nyos lálẹ́ ọjọ́ náà, omi ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, gbogbo rẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́dún 2001 wọ́n ki páìpù bọ ìsàlẹ̀ adágún náà. Bí omi ìsàlẹ̀ ṣe gba inú páìpù débi gíga kan, gáàsì inú rẹ̀ ló ń tì í sókè fúnra rẹ̀, láìlo ẹ̀rọ kankan mọ́, tó ń jáde níwọ̀nba tí kò lè pa ẹnikẹ́ni.

Omi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ló pa èèyàn ní Nyos. Kò ní ìdérí kankan. Ibi tí wọ́n ń rì í sí lónìí ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ihò ràgàjì kan ló wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ń fẹ́ gáàsì sí títí yóò fi bẹ́. Kò sí ihò. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òkun Àríwá, níbi tí wọ́n ń pè ní Sleipner, lójú omi Nọ́rwèy. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́dún ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ẹ má sì rò pé àánú ayé ló ṣe wọ́n. Gáàsì ìdáná tí wọ́n ń wà níbẹ̀ ní carbon dioxide tó tó ìpín 9 nínú 100, àwọn tó ń rà á kò sì fẹ́ ju 2.5 lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀. Bí kì í bá ṣe ohun kan ni, ojú ọ̀run ni wọn ì bá máa tú u sí. Ohun náà ni pé lọ́dún 1991, ìjọba Nọ́rwèy gbé owó orí lé carbon dioxide tí àwọn awapo bá tú síta lójú òkun. Ilé iṣẹ́ Statoil, tí a ń pè ní Equinor lónìí, jókòó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé rírì í mọ́lẹ̀ dínwó ju kí wọ́n máa san owó orí lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó orí yẹn sọ́kàn.

Inú òkúta oníyanrìn kan tí wọ́n ń pè ní Utsira ni wọ́n ń tì í sí, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mítà sísàlẹ̀. Àlàfo tíntìntín ló kún àárín yanrìn kan sí èkejì nínú òkúta náà, omi iyọ̀ ló sì wà nínú àwọn àlàfo yẹn. Lórí rẹ̀ ni amọ̀ líle tó nípọn gan-an wà, tí kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá. Gáàsì tó bá sì ti wọlẹ̀ ju mítà 800 lọ kì í ṣe gáàsì bí a ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ ti fún un pọ̀, ó ti ki débi pé tọ́ọ̀nù kan tí ì bá kún gbọ̀ngàn lórí ilẹ̀, àgbá epo bíi mẹ́jọ ti tó o nísàlẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìdérí nìkan ló ń dá a dúró. Apá kan nínú rẹ̀ ń há sáàárín yanrìn, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Apá kan ń yòrò sínú omi iyọ̀. Omi tó bá ti gba gáàsì sára wúwo ju èyí tí kò gbà lọ, nítorí náà ńṣe ló ń rì lọ sísàlẹ̀. Bó bá pẹ́ gan-an, ó ń bá àwọn èròjà inú òkúta ṣe, ó sì ń di òkúta fúnra rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni agbára rẹ̀ láti jáde ń dín kù. Òdìkejì ohun tí ọkàn wa ń sọ fún wa nìyẹn, torí àwa rò pé bí ohun tí a fi pa mọ́ bá ṣe ń pẹ́ tó ni àṣírí rẹ̀ ń súnmọ́ àtitú tó.

Ta ló rí i? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ ń rán ìró wọ abẹ́ òkun, wọ́n ń gba ìró náà bó ṣe ń ta padà, wọ́n sì ń fi ya àwòrán ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ya ti Sleipner ní 1994 kí wọ́n tó rọ gáàsì kankan sí i, wọ́n tún un yà ní 1999, wọ́n sì ń yà á lóòrèkóòrè látìgbà náà. Ìyàtọ̀ àwòrán kan sí èkejì ń fi ibi tí gáàsì náà dé hàn. Ó ń tàn kálẹ̀ nínú yanrìn, abẹ́ amọ̀ ló sì ṣì wà.

Ẹ lè ní ọgbọ̀n ọdún kò tó nǹkan, òótọ́ ni. Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn ju ti Sleipner lọ kò ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kankan wá. Ní ìpínlẹ̀ New Mexico lÁmẹ́ríkà, ibì kan wà tó ń jẹ́ Bravo Dome. Carbon dioxide ló kún abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, òkè ayọnáyèéfín ló sì fi í síbẹ̀, èèyàn kọ́. Ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé ó ti wà níbẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù 1.2 ọdún. Kò sì yẹ ká rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Gáàsì ìdáná tí Nàìjíríà ń rọ sínú ọkọ̀ òkun ní Bonny, níbo ló wà kí wọ́n tó wà á? Abẹ́ ilẹ̀, nínú òkúta oníyanrìn, lábẹ́ amọ̀, láti àìmọye ọdún kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá ìlú sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá lè di gáàsì mú, kò ní sí èyí tí a ó máa tà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó dùn mọ́ àwọn tó gbà pé "ó ti jáde," mo sì fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ní Weyburn, ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń rọ carbon dioxide sínú ilẹ̀ tí wọ́n ń wa epo níbẹ̀. Láti North Dakota lÁmẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èédú di gáàsì, ni páìpù tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 320 ti ń gbé e wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, ìdílé àgbẹ̀ kan tó wà nítòsí bọ́ síta. Wọ́n ní omi inú kòtò ilẹ̀ àwọn ń hó, ó ń yọ fóòmù, àwọn sì ń rí òkú ẹran nítòsí rẹ̀. Wọ́n wọn ilẹ̀ náà, wọ́n sì bá carbon dioxide púpọ̀ níbẹ̀. Ìròyìn náà kárí ayé. Àwọn oníròyìn ò kúkú nílò ju ìyẹn lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá gbà yọ ni pé gbogbo ilẹ̀ ló ń mí carbon dioxide. Gbòǹgbò ń mí in, ewé tó ń jẹrà ń mí in, kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ ń mí in. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ gáàsì tó wá láti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mí? Ọgbọ́n tí Katherine Romanak ti Yunifásítì Texas lò kò díjú: ó wo ọ́síjìn. Kòkòrò tó bá ń mí carbon dioxide síta ti gba ọ́síjìn sínú kó tó mí in, nítorí náà bí èkíní bá ṣe ń pọ̀ ni èkejì ń dín kù. Èyí tó bá ti ìsàlẹ̀ wá kò jẹ ọ́síjìn ẹnikẹ́ni. Ní oko yẹn, bí ọ́síjìn ṣe dín kù bá bí carbon dioxide ṣe pọ̀ mu. Àwọn mìíràn tún wo ọjọ́ orí káàbọ̀nù náà. Èyí tó bá ti ara èédú wá ti dàgbà débi pé carbon-14 kankan kì í kù nínú rẹ̀; ti oko yìí ní in, ohun abẹ̀mí òde òní ló mú un wá. Ilẹ̀ oko ló ń mí.

Mi ò bá ìdílé yẹn jà o. Wọ́n rí ohun tí kò yé wọn nítòsí iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn dáadáa, wọ́n sì pariwo. Èmi náà á pariwo. Àwọn tó ń rọ gáàsì ló yẹ kó ti wọn ilẹ̀ oko kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè mọ bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Ó dáa, ṣé kò wá jò rí níbì kankan ni? Ó ti jò. Ibi tó ti jò ló yẹ ká wò.

Ní In Salah, nínú aṣálẹ̀ Algeria, wọ́n rọ tó mílíọ̀nù 3.8 tọ́ọ̀nù sílẹ̀ láàárín 2004 sí 2011. Sátẹ́láìtì rí i láti ojú sánmọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń wú sókè, ní ìwọ̀n mìlímítà mélòó kan lọ́dún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ rí i pé agbára tí wọ́n fi ń tì í lè fẹ́ la òkúta orí rẹ̀, wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Èyí tó jáde síta gan-an níbẹ̀, ẹnu kànga àtijọ́ kan tí wọ́n ti gbẹ́ ṣáájú ló gbà yọ, ní 2007. Ní Decatur, ní ìpínlẹ̀ Illinois, àjọ tó ń rí sí àyíká lÁmẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ ADM ní 2024 pé ohun tí wọ́n rọ sílẹ̀ ti yà kúrò níbi tí wọ́n gbà wọ́n láyè sí. Kànga tí wọ́n gbẹ́ láti máa fi ṣọ́ gáàsì náà ló dógùn-ún, ibẹ̀ ló sì gbà sá. Olùṣọ́ ló ṣílẹ̀kùn.

Èyí tó burú jù fún àwọn èèyàn ṣẹlẹ̀ ní abúlé Satartia ní Mississippi, ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2020. Òjò tó pọ̀ mú ilẹ̀ ya, páìpù carbon dioxide tó gba ibẹ̀ sì bẹ́. Ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà nítorí ẹ́ńjìnnì kò rí ọ́síjìn lò. Wọ́n kó nǹkan bí 200 èèyàn kúrò nílé, wọ́n gbé 45 lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹ wá gbọ́ ibi tí gáàsì náà ti wá: Jackson Dome, ibi tí carbon dioxide ti wà lábẹ́ ilẹ̀ Mississippi fúnra rẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilẹ̀ ti bá wọn tọ́jú rẹ̀. Èèyàn ló lọ hú u jáde, kí wọ́n lè lọ fi ti epo rọ̀bì jáde níbòmíràn.

Kànga àtijọ́, kànga olùṣọ́, páìpù. Nínú àwọn ìtàn yìí, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ń jò, òkúta kọ́. IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2005, wọ́n ní ibi tí wọ́n bá yàn dáadáa, tí wọ́n sì bójú tó, ó ṣeé ṣe gan-an kó di ohun tó lé ní ìpín 99 nínú 100 mú fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ má gbójú fo "tí wọ́n bá yàn dáadáa, tí wọ́n sì bójú tó." Inú gbólóhùn kékeré yẹn ni gbogbo ìjà wà.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi lórí "yóò padà jáde, yóò sì pa wá": irọ́ ni, bí a bá ń sọ nípa òkúta. Bí a bá ń sọ nípa páìpù tó gba ẹ̀yìnkùlé yín kọjá, ẹ máa béèrè, ẹ má dákẹ́.

Àmọ́ ẹ má tíì dìde. Ìgbàgbọ́ kejì wà, tó ń wọ aṣọ tó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, èmi sì rò pé òun ló léwu jù. Òun ni pé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ lè gbà á, kí ayé máa jó epo àti èédú lọ bó ṣe ń jó o. Wọn ó máa gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wa. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí olóṣèlú, ó dùn létí elépo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Carbon dioxide tí lílo epo, gáàsì àti èédú ń tú síta lágbàáyé jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 37 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ti kọ́ láti gbà á, tí a bá kó agbára wọn pọ̀, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ́dún lọ. Ohun tí ayé ń tú síta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lè gbà lódindi ọdún. Ilẹ̀ láyè, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Gbígbà rẹ̀ ló nira. Nínú èéfín ilé iṣẹ́ mànàmáná, carbon dioxide kéré láàárín afẹ́fẹ́ mìíràn. A ní láti fi kẹ́míkà fà á yọ, ká tún se kẹ́míkà náà kó lè fi í sílẹ̀, ká tún wá fún gáàsì náà pọ̀. Iná tí ilé iṣẹ́ náà ṣe láti tà ló tún máa fi ṣe gbogbo èyí.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ibi tí ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n gbà ń lọ. Láti 1972 ni àwọn awapo ní Texas ti mọ̀ pé bí a bá rọ carbon dioxide sínú kànga tó ti ń gbẹ, epo tó ṣẹ́kù sínú òkúta á sún jáde. Títí di báyìí, iṣẹ́ yẹn ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì tí wọ́n ń gbà. A gba èéfín epo, a fi wa epo sí i. Petra Nova, nítòsí Houston, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, wọ́n sì yìn ín gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí yóò fọ èéfín èédú mọ́. Ní 2020 owó epo wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Ó di 2023 kí wọ́n tó tún un tàn. Bó bá jẹ́ nítorí ayé ni ẹ̀rọ kan ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló kàn án pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo?

Ti iṣẹ́ gáàsì Gorgon ní Ọsirélíà tún wà níbẹ̀. Chevron ṣèlérí láti máa rì tó mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù lọ́dún sábẹ́ Barrow Island. Gáàsì ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ sọ́jà ní 2016. Ọdún 2019 ni wọ́n tó rì ẹyọ tọ́ọ̀nù kan, iye tí wọ́n ń rì kò sì bá ìlérí náà mu. Ọjà kò dúró de ìlérí. Ẹ rántí owó orí Nọ́rwèy: ibi tí títú u síta bá ti wọ́n ju rírì í lọ, wọ́n á rì í. Ibi tí títú u síta bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ayẹyẹ nìkan ni ẹ óò máa rí.

Ṣé ká wá da gbogbo rẹ̀ nù? Rárá o. Iṣẹ́ kan wà tí mi ò rí ohun mìíràn tó lè ṣe é: sìmẹ́ńtì. Àwọn tó ń gbé nítòsí Ewékorò àti Ṣágámù mọ òkúta ẹfun tí wọ́n ń fọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sun tọ́ọ̀nù kan nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ tó mọ́ gaara, tó kìlógíráàmù 440 ni yóò fò lọ ní carbon dioxide, láti inú òkúta fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí ti iná tí wọ́n fi sun ún. Ẹ fi oòrùn sun ún, ẹ fi afẹ́fẹ́ sun ún, gáàsì yẹn á ṣì jáde, torí bí kò bá jáde, kò tíì di sìmẹ́ńtì. Irú ilé iṣẹ́ báyìí kan ní Brevik, ní Nọ́rwèy, bẹ̀rẹ̀ sí í gba tirẹ̀ ní 2025. Ọkọ̀ òkun ń gbé e lọ sí Øygarden, wọ́n sì ń tì í gba páìpù lọ sábẹ́ òkun, ní nǹkan bíi mítà 2,600 sísàlẹ̀. Ní Iceland ẹ̀wẹ̀, òkúta tó ti ara òkè ayọnáyèéfín wá ló kún ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Carbfix níbẹ̀ po gáàsì náà mọ́ omi kí wọ́n tó rọ ọ́ sílẹ̀ ní 2012, àwọn onímọ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science ní 2016 pé láàárín ọdún méjì, ohun tó lé ní ìpín 95 nínú 100 ti di òkúta. Omi tó ń gbà pọ̀, nǹkan bí ìlọ́po 25 gáàsì náà, nítorí náà kì í ṣe ibi gbogbo ló ti lè rọrùn.

Nàìjíríà ńkọ́? Ẹ̀rín díẹ̀ sí i. Lọ́dún 1979 la ṣe òfin lórílẹ̀-èdè yìí pé kí àwọn awapo ṣètò bí wọn ó ṣe máa rọ gáàsì tó ń bá epo jáde padà sínú ilẹ̀, kí wọ́n má sì jó o dànù mọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1984 láìgba àṣẹ. Ẹ rin ìrìn alẹ́ ní Niger Delta kí ẹ wo bí òfin náà ṣe ṣiṣẹ́ tó. Iná ṣì ń jó. Ẹni tó bá wá ń polówó rírì carbon dioxide fún wa nígbà tí iná yẹn ṣì ń jó, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ wá rì í síbi tí wọ́n ti wa epo tán, nǹkan tí n óò bi wọ́n kò ní í ṣe pẹ̀lú òkúta. Láti ìgbà tí epo ti yọ ní Oloibiri lọ́dún 1956 ni wọ́n ti ń lu ilẹ̀ yẹn ní ihò. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tó jáde ní 2009 fi ọdún 20, ó kéré tán, ṣe ìlànà ìgbà tí ilé iṣẹ́ yóò fi máa ṣọ́ ibi tó ti dí pa kó tó lè fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Nítorí náà, bí aṣojú ilé iṣẹ́ bá kanlẹ̀kùn, ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì bi í: kànga àtijọ́ mélòó ló wà níbi tí ẹ fẹ́ lò yìí? Ta ló dí wọn? Kí ni wọ́n fi dí wọn? Ta ni yóò máa sanwó olùṣọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ẹrù yín lọ? Bó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ bá a jókòó. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé tó ń gbóná nìkan ló ń sọ, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.